Ọṣẹ dúdú àti òrí ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Ńlá ní Àjàṣẹ́

Ó ti tó oṣù márùn-ún báyìí tó jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni mo ti ń ra ọṣẹ tí à ń lò nílé mi. Ọṣẹ dúdú ni, èyí tí àwọn Gún ń pè ní koto. Ìṣù kan jẹ́ 500 sẹ́fà. Òrí jẹ́ 1,000 fún ike kékeré, 2,500 fún ike ńlá. Ìgò àdín kan, 1,500. Mo fi owó ṣáájú nítorí òun ni àwọn oníbàárà mi máa ń kọ́kọ́ bi mí. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin. Ara àbúrò mi tó ń bá mi gán bọ́tìnnì ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó wà. Tí ẹ bá dé Mọ́ṣáláṣí Ńlá, èyí aláràbarà tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má wọ inú ọjà lọ. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ẹ ó rí ìsọ̀ kan tí wọ́n fi páànù bò, tí kò ní pátákó. Ẹ béèrè Ìyá Ọlọ́ṣẹ, oní-zémíjàn (ọlọ́kadà) èyíkéyìí tó bá wà nítòsí á nawọ́ sí i fún yín. Àwọn àlejò tó bá wá wo ìlú máa ń dúró níwájú mọ́ṣáláṣí yẹn ya fọ́tò, ẹnu a sì máa yà wọ́n pé kí ló dé tí ilé ìjọsìn Mùsùlùmí fi rí bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Àwọn Àgùdà ni ìdí rẹ̀: àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun, tí àwọn àti ọmọ wọn padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún. Mo mẹ́nu bà á nítorí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni mo fẹ́ sọ. N kò mọ bí ènìyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ àwọ̀ ara lẹ́bàá ògiri yẹn kó má rántí bí àwọn tó mú irú ilé yẹn wá ṣe dé ọ̀hún.

Àbúrò mi ló gbé mi débẹ̀. Ó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kan, ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ló lò. Nígbà tó ń lọ, inú ìyá wa dùn: ilẹ̀ Mùsùlùmí ló ń lọ, wọn á jọ máa kírun, wọn á jọ máa gbààwẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé ìyá ilé tó gbà á kì í pe orúkọ rẹ̀. "Abda" ló ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ èdè Lárúbáwá mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ẹrúbìnrin. Ife tó fi ń mu omi dá yàtọ̀, wọ́n so òwú pupa mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì lò ó. Tí Ramadan bá dé, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gba ààwẹ̀, àmọ́ ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ ni òun nìkan ti ń ṣínu. Ọmọ ilé náà, ọmọ ọdún mẹ́fà, bi í lọ́jọ́ kan pé tó bá fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ṣé kò ní funfun ni. Ó ní nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló dun òun jù, nítorí àgbàlagbà ló kọ́ ọ.

Nígbà tó padà dé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí omi gbígbóná dà sí, àmọ́ oríkèé ìka rẹ̀, etí rẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ dúdú síbẹ̀. Ó ti ń bó ara, ohun tí wọ́n ń pè ní bojou ní ìlú wa. Ìpara mẹ́ta ló ń pò pọ̀. Mo kó ike wọn lọ bá nọ́ọ̀sì kan tí mo máa ń ránṣọ fún, ó sì bá mi ka ara wọn. Hydroquinone wà nínú ọ̀kan, clobetasol wà nínú èkejì, ẹ̀kẹta kò kọ ohunkóhun sára. Ó ní inú irú àwọn tí kò kọ nǹkan kan yẹn ni mẹ́kúrì máa ń wà, òun ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó ní clobetasol ní tiẹ̀ máa ń sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún tó ti bóra pẹ́, okùn tí wọ́n fi ń rán an kì í rí ibi dì mú. Aránṣọ ni mí. Mo mọ bí aṣọ tó ti gbó ṣe máa ń ya lẹ́nu abẹ́rẹ́. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

N kò lè bá a wí. Èmi náà dúdú, mo dúdú ju àbúrò mi lọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, "Ìdí Ìkòkò" ni wọ́n ń pè mí ní agboolé wa, àwọn àgbà ń pè mí bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ń dáhùn. Nígbà tí ìgbéyàwó mi ku oṣù mẹ́ta, ìbátan ọkọ mi kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n tọ́jú ara mi kí fọ́tò wa lè dára. Ohun tó ń sọ yé mi. Mo fi ìpara bó ojú títí ọjọ́ yìgì, ìgbà tí eéwo kéékèèké bò mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo tó jáwọ́. Nítorí náà nígbà tí àbúrò mi ń sunkún pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun lẹ́rú mọ́, kò sí ohun tí mo lè sọ tí mi ò ní purọ́.

Ọjọ́ Àlàmísì kan ni mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Obìnrin kan àti ọmọkùnrin oní-zémíjàn kan ti wà níwájú mi. Ìyá náà á tó ẹni àádọ́rin ọdún, ó lé tìróò, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ àgbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ọṣẹ tí á jẹ́ kí ara àbúrò mi mọ́ ni mo ń wá."

Ó gbójú sókè. "Ọmọ mi, ṣé ìdọ̀tí lo fẹ́ fọ̀ kúrò lára rẹ̀ ni, àbí àwọ̀?"

Mo ń wò ó. Kì í ṣe pé ó fi ìbínú sọ ọ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. Àwa Yorùbá, bí ẹnìkan bá pupa, a máa ń sọ pé ara rẹ̀ mọ́, a kì í sì í ronú pé ìdọ̀tí ni a fi ń pe ara ẹni tó dúdú. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Igbá mẹ́ta wà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹfun wà nínú ọ̀kan, amọ̀ pupa ilẹ̀ Àjàṣẹ́ tí wọ́n ti jọ̀ dáadáa wà nínú èkejì, amọ̀ dúdú tí wọ́n bù létí ọ̀sà wà nínú ẹ̀kẹta. Ó ń tà wọ́n fún àwọn tó ń fi wọ́n para nítorí ooru, tàbí tó ń fi wọ́n pa ojú tó ń ṣú eéwo. Ó ń wọn amọ̀ pupa fún obìnrin tó wà níwájú mi, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní Ànọ́bì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹ̀kúnwọ́ kan tí Ọlọ́hun bù láti ara gbogbo ilẹ̀ ni Ó fi dá Ádámọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Ádámọ̀ fi wá bí ilẹ̀ ṣe rí: a rí pupa nínú wọn, a rí funfun, a rí dúdú, a rí èyí tó wà láàárín, a rí ẹni tó rọ̀, a rí ẹni tó le. Mo ti gbọ́ hádíìsì yẹn ní ilé kéú. Abú Dáúdà àti Tirmísì ló gbà á wá, àáfà wa máa ń kà á. Àmọ́ n kò tíì gbọ́ ọ rí pẹ̀lú ilẹ̀ náà níwájú mi, tí ẹnìkan ń wọ̀n ọ́n, tí ó ń gba owó lé e lórí. Iye kan náà ni igbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 300 sẹ́fà fún ìwọ̀n ife kan.

Kò tà fún mi lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kì í ta nǹkan ojú fún ojú tí òun kò rí. Èyí bí mi nínú díẹ̀ torí mo ti gbé ọkọ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ṣe dáadáa. Nígbà tí mo mú àbúrò mi wá lọ́jọ́ Sátidé, ó mú un wọ inú ìsọ̀, ó fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà, ó wo ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí a lọ rí dókítà awọ ara kó tó lo nǹkan kan lọ́wọ́ òun, nítorí irú ìpara tó ń lò, bí ènìyàn bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ara lè hó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mélòó nínú àwọn tó ń ta nǹkan ìpara ló máa ń lé oníbàárà lọ sọ́dọ̀ dókítà? Dókítà dín ìpara náà kù fún un díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá fún un ní òrí nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ọṣẹ lójú rárá, omi lásán. Ìgbà yẹn ni ọṣẹ tó kàn án.

Ọṣẹ náà ńkọ́? Eérú ìdì ọ̀pẹ tí wọ́n ti gé ẹyìn kúrò lára rẹ̀ ló fi ń sè é. Wọ́n á sun ún, wọ́n á da eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí, wọ́n á máa da omi sí i kó máa kán sílẹ̀, omi eérú yẹn ni wọ́n máa sè pọ̀ mọ́ àdín, tí wọ́n á máa rò ó títí á fi ki, tí á sì dúdú. Ọgbà ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń sè é, mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èéfín rẹ̀ ń ta ènìyàn lójú. Kò fi àwọ̀ tàbí lọ́fínńdà sí i. Ó rọ̀, ó máa ń fọ́ sọ́wọ́, kì í hó yẹ̀ẹ̀ bí ọṣẹ inú páálí, ó sì máa ń ta ojú gan-an. Tí ẹ bá gbé e sínú àwo tí omi wà, ọjọ́ mẹ́ta ló máa fi yọ́ tán. Inú kàǹkàn ni mo ń dì í sí, mo sì ń so ó kọ́ sí ìṣó. Ìṣù kan ń tó èmi nìkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó máa ń gbẹ ara, òótọ́ ni. Ẹni tó bá rà á láì ra òrí á máa fín ara rẹ̀ bí ẹni tí ọyẹ́ mú. Òrí rẹ̀ dára jọjọ. Ó ní láti Ṣábẹ àti Parakou ni wọ́n ti ń kó o wá fún òun, a kúkú mọ̀ pé igi ẹmi kì í hù ní ìhà tiwa níbí. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òórùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀, kò fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹni tí imú rẹ̀ bá kọ òórùn òrí, kó mọ̀ kó tó rà á. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹsẹ̀ mi kò là, bẹ́ẹ̀ sì rèé gbogbo ọdún ló ń là.

Ní ti àbúrò mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí á tó rí nǹkan kan. Ó ṣe é bíi kó padà sídìí ìpara rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ṣú ní ibì kan, ó ń pọ́n ní ibì kan, ó sì ń fi ìbòjú jáde. Ní oṣù kẹta ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọrùn rẹ̀ mu. Ọṣẹ àti òrí kò wo ohun tí ìpara náà bà jẹ́, n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: dókítà ló wò ó. Ohun tí ọjà Ìyá Ọlọ́ṣẹ ṣe ni pé ó fún un ní nǹkan tó lè fi tọ́jú ara láì bá ara jà.

Bákan náà, ó fún un ní ibi tó ti lè béèrè ìbéèrè. Ìgbà kẹta tí a lọ, ó dojú kọ Ìyá, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ibi tí ẹ̀sìn yìí ti wá gan-an ni wọ́n ti pè mí lẹ́rú. Èdè Àlùkùráánì ni wọ́n fi pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé àwọn ló mọ̀ ọ́n jù wá lọ?"

Mo rò pé Ìyá á ní kó tọrọ àforíjì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó jókòó. Ó ní, "Ìwọ nìkan kọ́ ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe Bìlálì náà bẹ́ẹ̀ ní Mẹ́kà." Ó sọ bí olówó rẹ̀, Umayyah ọmọ Khalaf, ṣe ń tẹ́ ẹ sórí yanrìn gbígbóná, tí wọ́n ń gbé òkúta lé e láyà, tí ó ń sọ pé "Ahad, Ahad", Ọ̀kan ni, Ọ̀kan ni, bí Abúbakárì ṣe rà á tó sì dá a sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ó wá sọ ti ọdún kẹjọ Hijira, nígbà tí Ànọ́bì ṣẹ́gun Mẹ́kà. Nínú gbogbo àwọn ọlọ́lá tó wà níbẹ̀, Bìlálì ni Ànọ́bì ní kó gun orí Káábà lọ pe ìrun. Àwọn ọlọ́lá Kùráéṣì kan sì kùn, wọ́n ní ẹni dúdú yìí ni wọ́n rí. "Wọ́n kùn nígbà tí Ànọ́bì ṣì wà láàyè," ni Ìyá wí. "Èdè náà ni wọ́n ń sọ, ìlú náà ni wọ́n ti bí wọn. Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n ju Bìlálì lọ?"

Àbúrò mi kò fèsì. Àmọ́ nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní kí n bá òun wá ohun tí Ànọ́bì sọ ní Hájì Ìdágbére. Mo kà á fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ó ṣe wà nínú hádíìsì tí Ahmad gbà wá: "Ẹ̀yin ènìyàn, Ọ̀kan ni Olúwa yín, ọ̀kan sì ni bàbá yín. Kò sí ọlá fún Lárúbáwá lórí ẹni tí kì í ṣe Lárúbáwá, kò sì sí fún ẹni tí kì í ṣe Lárúbáwá lórí Lárúbáwá. Kò sí fún ẹni pupa lórí ẹni dúdú, kò sì sí fún ẹni dúdú lórí ẹni pupa, àfi pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun." Ọdún kẹwàá Hijira ni, 632 nínú kíkà àwọn Òyìnbó, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó kú. Ó wà lára ohun tó gbẹ̀yìn tó kó lé wọn lọ́wọ́.

Ìyá ilé tó so òwú mọ́ ife àbúrò mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣẹ̀ sí i, mo sì fẹ́ kí àwa Mùsùlùmí lè sọ bẹ́ẹ̀ láì rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn bí Òyìnbó ṣe burú tó. Àwọn oníṣòwò Lárúbáwá ta ẹrú. Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá náà rà, wọ́n sì tà. Ìlú Àjàṣẹ́ yìí, òwò ẹrú wà lára ohun tó fi dàgbà. Lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bahia, Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Àwọn ló dìde sí àwọn olówó wọn lóṣù kìíní ọdún 1835, nínú Ramadan. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, láti ara "ìmàle" tiwa ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹnìkan nínú ẹ̀sìn kan náà lè ti ta òmíràn nínú wọn. Nígbà tí mo bá ń kọjá lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí yẹn, ohun tí mò ń rò nìyẹn.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ níwájú mi tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, nítorí òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnu lọ́dọ̀ obìnrin yìí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá ra òrí. Ó pupa, ó pupa láti inú ìyá rẹ̀ ni, irun ojú rẹ̀ pàápàá pọ́n. Obìnrin méjì tó wà lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní gbangba: wọ́n ní aláwọ̀ méjì ti dé, wọ́n ní kó fi oríkèé ìka rẹ̀ hàn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Mo rò pé nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nílé, mo ní ẹ̀tọ́ láti rẹ́rìn-ín. Ìyá fi ìwọ̀n sílẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́hun sọ nínú Súrátù Rúúmù pé ìyàtọ̀ ahọ́n yín àti ìyàtọ̀ àwọ̀ yín wà lára àwọn àmì Òun. Àwọ̀ tiẹ̀ náà, àmì ni. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀." Ó ní òun kò ní ta nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nínú wa títí a ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. A tọrọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ń sunkún. Ó ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún òun ní yunifásítì, wọ́n sì rò pé ẹni tó pupa kò ní ohun tó ń dùn ún. Ìdí tí hádíìsì yẹn fi dárúkọ ìhà méjèèjì nìyẹn, pupa lórí dúdú àti dúdú lórí pupa. Èmi sì ti ń ka ìhà kan ṣoṣo.

Ọmọbìnrin mẹ́ta ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwọn méjì yòókù, láti òkè àríwá ni wọ́n ti fi wọ́n sọ́dọ̀ rẹ̀, irú ọmọ tí wọ́n ń pè ní vidomègon, ọmọ tí òbí fi sílé ẹlòmíràn láti máa ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la mọ bí ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú yìí. Mo lọ síbẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ kí n tó mọ èwo ni ọmọ ọmọ rẹ̀. Àǹkárá kan náà ni wọ́n wọ̀, abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ìyá náà sì ń bù lára rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ síléèwé ní òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń wá. Mo yìn ín nípa rẹ̀, ó ní Abú Dhárì, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànọ́bì, ni kí n lọ yìn. Ìtàn rẹ̀ wà nínú Bùhárí: wọ́n rí i tó wọ aṣọ kan, ẹrú rẹ̀ wọ irú rẹ̀ gan-an, wọ́n sì bi í léèrè. Ó ní òun bú ọkùnrin kan rí nítorí ìyá rẹ̀, Ànọ́bì sì sọ fún òun pé ìwà ayé àìmọ̀kan ṣì wà lára òun. Pé ọmọ ìyá yín ni àwọn tó ń sìn yín, ẹ fún wọn jẹ lára ohun tí ẹ̀ ń jẹ, ẹ fún wọn wọ̀ lára ohun tí ẹ̀ ń wọ̀, ẹ má sì fi iṣẹ́ tó ju agbára wọn lọ bọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ ó rí i pé kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí èmi fi pààrọ̀ ibi tí ọmọ iṣẹ́ mi ti ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn náà wà. Kò sí ọjọ́ kankan lára ike òrí, a kò mọ ìgbà tí wọ́n sè é, èyí kan tí mo rà ní oṣù kejì sì ti kan díẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, àmọ́ ó yẹ kó máa kọ ọjọ́ sí i lára, mo sì ti sọ fún un. Kì í gba owó orí fóònù, owó ọwọ́ nìkan ni, ṣẹ́ńjì a sì máa wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, láti agogo méjìlá títí di lẹ́yìn ìrun Ásárì, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Tí ẹ bá ń kánjú, ẹ má lọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń dá lóhùn. Mo rí ìyàwó ọ̀gá kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tútù, tí awakọ̀ rẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ọmọkùnrin oní-zémíjàn tó fẹ́ ra ọṣẹ 500 wà níwájú. Ìyá tẹ́ ẹní fún obìnrin náà, ó fún un ní omi tútù, ó sì padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin yẹn, ó bá a yan ìṣù ọṣẹ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Obìnrin náà dúró títí ó fi kàn án. Mo ti rí i níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìgbà náà, kò mú awakọ̀ dání.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni a lọ gbẹ̀yìn. Owó bọ́tìnnì tí àbúrò mi ń gbà lọ́dọ̀ mi ló fẹ́ fi ra nǹkan, ó ní òun fẹ́ gbìyànjú amọ̀ létí imú, torí ooru ti dé. Kò mọ èyí tó máa mú. Ìyá ní kó na ọwọ́ rẹ̀ wá. Ó ki ìka bọ omi, ó fi kan ẹfun, ó fà á sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó fara hàn. Ó fa amọ̀ pupa sí i, ó fara hàn. Ó fa amọ̀ dúdú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ síwájú wò ó, a kò rí ibi tó parí sí. Àbúrò mi ní òun á mú ìyẹn. Ó san 300 sẹ́fà, ó di í sínú ìwé, a wá zémíjàn méjì lọ sí Ouando.